Raspberry Pi 4: sáfà àkọ́kọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Linux nílé

Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìkànnì tirẹ̀ kalẹ̀ láti inú ilé ara rẹ̀, tí kò sì tíì fọwọ́ kan Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, rí, kò nílò kọ̀ǹpútà olówó gọbọi. Raspberry Pi 4, tí mo ń lò fún iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn, kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju káàdì ATM lọ, síbẹ̀ ohun gbogbo tí sáfà kékeré (kọ̀ǹpútà tó ń fi ìkànnì ránṣẹ́ sí ẹni tó bá béèrè rẹ̀) ń fẹ́ ló wà lára rẹ̀: ihò fún wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, Wi-Fi, ihò USB 3.0 méjì, àti mẹ́mọ́rì tó wà ní oríṣiríṣi ìwọ̀n títí dé 8GB. Ọdún 2019 ni ó jáde. Raspberry Pi 5 tó tẹ̀lé e ní 2023 yára jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń jẹ iná jù ú lọ; fún ìkànnì tí kò ní ju ọ̀rọ̀ àti àwòrán díẹ̀ lọ, èyí tó ṣáájú tó, 2GB rẹ̀ pàápàá tó.

Ọ̀rọ̀ iná gan-an ló jẹ́ kí n gbà pé ẹ̀rọ yìí bá ilé wa mu. Sáfà kò gbọ́dọ̀ sùn, bẹ́ẹ̀ ìlú tí iná ọba kì í dúró ni a ń gbé. Pi 4 kì í sábà jẹ ju wáàtì 3 sí 7 lọ, ìyẹn ni pé kò ju ohun tí gílóòbù LED kan ń jẹ lọ, nítorí náà ínfátà kékeré lè gbé e di òwúrọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tan jẹnẹrétọ̀ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ṣájà fóònù lásán sí i. 5V àti 3A ni ó ń fẹ́. Bí ṣájà kò bá kún ojú ìwọ̀n yìí, ẹ̀rọ náà lè máa fà, tàbí kí ó máa kú kí ó sì máa jí fúnra rẹ̀, olùbẹ̀rẹ̀ á sì máa wá ẹ̀bi náà sínú Linux níbi tí kò sí.

Ìgbékalẹ̀ rẹ̀ rọrùn ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń rò lọ. Raspberry Pi Imager, tí ẹ ó fi sórí kọ̀ǹpútà yín, ni yóò kọ Raspberry Pi OS, irú Linux tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ yìí, sínú mẹ́mọ́rì káàdì. Kí ó tó kọ ọ́, ẹ lè yan orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ ó máa fi wọlé, kí ẹ fi Wi-Fi ilé yín sí i, kí ẹ sì ṣí SSH (ọ̀nà láti máa fi àṣẹ ránṣẹ́ sí i láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn) sílẹ̀, tí ẹ kò fi ní nílò síkírínì tàbí kíbọ́ọ̀dù fún un rárá. Mo yin àwọn tó ṣe é fún ohun kan: ní 2022 ni wọ́n yọ orúkọ “pi” àti páásíwọ́ọ̀dù “raspberry”, tó máa ń bá gbogbo rẹ̀ wá tẹ́lẹ̀, kúrò, nítorí gbogbo ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti mọ méjèèjì. Lára Debian, irú Linux mìíràn, ni a ti fa Raspberry Pi OS yọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ fún Debian tàbí Ubuntu ló bá a mu. Ẹ wọlé pẹ̀lú SSH, ẹ tẹ sudo apt update, lẹ́yìn náà sudo apt install nginx; nginx ni ètò tó ń gbé ojú ìwé ìkànnì fún àwọn àlejò. Bí ẹ bá kọ àdírẹ́sì Pi náà sínú bíráúsà fóònù yín, ojú ìwé ìkíni nginx á yọ. Inú /var/www/html ni ẹ ó máa kó ìwé yín sí. Kò sí ibi tó dùn tó èyí nínú gbogbo iṣẹ́ náà, mo sì fẹ́ kí gbogbo ọ̀dọ́ tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà rí i fúnra wọn.

Mẹ́mọ́rì káàdì ni ibi tí ó kù sí. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sínú rẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ lè bàjẹ́ débi tí Pi kò ní lè tan mọ́. SSD kékeré (ohun ìpamọ́ fáìlì) tí ń gba USB ń fara dà á jù ú lọ, Pi 4 sì lè tan láti inú rẹ̀. Ẹ rà á, kí ẹ sì máa tọ́jú ẹ̀dà ìwé yín síbòmíràn.

Títí dé ibí yìí, ará ilé nìkan ló lè rí ìkànnì náà. Ibi tí yóò gbà jáde ni iṣẹ́ gidi wà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà ló ń fi àdírẹ́sì ìta kan ṣoṣo sin ọ̀pọ̀ oníbàárà, tó fi jẹ́ pé bí ẹ tilẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn 80 àti 443 (pọ́ọ̀tù tí àlejò ìkànnì máa ń gbà wọlé) lórí ráútà, àlejò láti ìta kò ní rí ọ̀nà wọlé. Ẹ wo àdírẹ́sì ìta tí ráútà yín kọ. Bí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, bó ṣe rí nìyẹn. Cloudflare Tunnel ni mo fi yanjú rẹ̀: láti inú ilé ni ó ti ń nawọ́ síta, kò sì béèrè pé kí a ṣí ilẹ̀kùn kankan, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ní dòméènì (orúkọ ìkànnì) tiyín. Ẹni tó bá ní àdírẹ́sì ìta tirẹ̀ lè fi ètò certbot gba ìwé-ẹ̀rí HTTPS, tó ń dáàbò bo ohun tó ń kọjá láàárín àlejò àti ìkànnì, lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ Let's Encrypt, kí ó má sì ṣí ilẹ̀kùn 22, tí SSH ń gbà, sí gbogbo ayé.

Fún ìkànnì ẹbí tàbí ti ẹgbẹ́ àdúgbò, mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ rà á. Fún ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ènìyàn yóò ti máa sanwó, mi ò fọwọ́ sí i, nítorí íntánẹ́ẹ̀tì ilé lè lọ nígbàkigbà. Ohun kan ṣoṣo tó lè mú mi yí ìmọ̀ràn mi padà ni láptọ́ọ̀pù àtijọ́: bí ọ̀kan bá wà nílé yín tí bátìrì rẹ̀ ṣì ń gbé iná, ẹ fi Debian sí i, kí ẹ fi kọ́ iṣẹ́ náà láìná kọ́bọ̀, torí bátìrì yẹn kò ní jẹ́ kí ó kú lójijì nígbà tí iná bá lọ. Pi lè dúró di ìgbà tí ẹ bá fẹ́ kí sáfà náà máa wà ní títàn tọ̀sán tòru.