Ìfiwéra ọ̀dà àtúnkùn ọkọ̀: sẹlulóòsì, 2K àti ọ̀dà oníkílíà

Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ bá akunkọ̀, yálà nítorí pé oòrùn ti pa ọ̀dà orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni tàbí nítorí pé ọlọ́kadà ti ha ilẹ̀kùn rẹ̀, sábà máa ń gba ìwé pélébé kan tí wọ́n kọ gbogbo ohun tí yóò rà sí: ọ̀dà, tínà, hádínà, páráímà, pọ́tì tí a fi ń dí ojú ibi tó tẹ̀, àti sáńpépà. Ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kúrò lára àwọ̀. Wọn á ná owó gidi lé e lórí, wọn á sì máa wá èyí tó pọ́ọ́kú nínú ìyókù. Lójú tèmi, òdìkejì rẹ̀ ló yẹ, nítorí páráímà ló ń di irin mú, kílíà, ìyẹn ọ̀dà aláìláwọ̀ tí a ń fín lé àwọ̀ lórí, ló ń gba oòrùn sára, àwọ̀ kàn wà láàárín àwọn méjèèjì ni.

Sẹlulóòsì tàbí 2K?

Sẹlulóòsì ló dàgbà jù nínú àwọn méjèèjì. Ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà gbé irú rẹ̀ tí wọ́n pè ní Duco jáde ní 1923, General Motors sì fi kun ọkọ̀ Oakland. Kí ó tó dé, ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni ọkọ̀ fi ń dúró kí ọ̀dà tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn tó gbẹ tán. Gbígbẹ tirẹ̀ kò nira rárá: tínà inú rẹ̀ á fẹ́ lọ, ìyókù á sì lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Àmọ́ nítorí pé kò sí ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀ sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ, tínà tó bá tún kàn án lẹ́yìn ọdún márùn-ún yóò tú u. Ẹ wo abẹ́ ẹnu táǹkì ọkọ̀ tí wọ́n fi sẹlulóòsì kùn, níbi tí bẹntiróòlù máa ń ṣàn gbà bí wọ́n bá ń ta á sínú ọkọ̀: ibẹ̀ á ti ṣá, á ti rọ̀, nígbà mìíràn á ti hun jọ.

Ti 2K kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà wà nínú agolo tirẹ̀, hádínà náà wà nínú tirẹ̀, wọn kì í sì í pàdé àfi ìgbà tí a bá fẹ́ fín in. Bí wọ́n bá ti pàdé, wọ́n á so mọ́ ara wọn débi pé tínà kò ní lè yà wọ́n mọ́. Ìdí nìyí tí èyí tó ṣẹ́kù sínú kọ́ọ̀bù fi máa ń gan láàárín wákàtí díẹ̀, tí a kì í sì í tọ́jú rẹ̀ di ọ̀la. Ìwọ̀n tí a ó fi pò wọ́n, bí àpẹẹrẹ méjì sí ẹyọ kan tàbí mẹ́rin sí ẹyọ kan, wà lára agolo, kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi ojú wọ̀n.

Ibi tí sẹlulóòsì ti borí ni pé ó rọ̀ lówó, ó ń gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, eruku kì í sì í ráyè bà lé e. Abẹ́ igi tàbí ẹ̀gbẹ́ títì ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa wà. 2K tó wà ní tútù fún ìgbà pípẹ́ á kó eruku, ewé àti kòkòrò níbẹ̀ bí wọn kò bá ta aṣọ yí ibẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n ìgbà òjò ni ọ̀tá sẹlulóòsì: tínà tó ń yára fẹ́ máa ń mú kí ojú ọ̀dà tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á wá bà lé e, á sì funfun bàìbàì. Tínà tí kì í yára fẹ́ ni a fi ń yẹra fún un. Yàtọ̀ sí èyí, dídán rẹ̀ kì í pẹ́ lọ, ẹ ó sì máa fi pólíṣì lé e kiri. Ẹni tó bá fẹ́ lo ọkọ̀ rẹ̀ ju ọdún méjì lọ, n kò ní gbà á nímọ̀ràn láti ra sẹlulóòsì.

Ewu tí 2K ní wà lára hádínà. Èròjà tí wọ́n ń pè ní isocyanate inú rẹ̀ máa ń fa ikọ́ fée fún ẹni tó ń fín in. Ní Bìrìtéènì, HSE, àjọ tó ń bójú tó ààbò níbi iṣẹ́, fẹ́ kí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lo ìbòjú tí afẹ́fẹ́ mímọ́ ń gba inú rọ́bà wọ̀. Aṣọ tí a dì mọ́ imú kò jámọ́ nǹkan kan níwájú rẹ̀.

Kùn-ún-tán-lẹ́ẹ̀kan tàbí oníkílíà?

Nínú 2K fúnra rẹ̀, ẹ ó tún yan ọ̀kan nínú méjì: èyí tí àwọ̀ àti dídán rẹ̀ wà pọ̀, tàbí èyí tí a fín àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láìdán, tí a wá da kílíà bò ó. Kí ẹ tó yàn, ẹ wo kóòdù àwọ̀ ọkọ̀ yín. Lára Toyota, ó sábà máa ń wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, níwájú lẹ́tà C/TR. Bí 040, ìyẹn funfun, tàbí 202, ìyẹn dúdú, bá ló wà níbẹ̀, kùn-ún-tán-lẹ́ẹ̀kan lè ṣe é, owó yín á sì dín kù. Bí ó bá jẹ́ 1F7, ìyẹn fàdákà, ẹ má wulẹ̀ rò ó, oníkílíà ni.

Ẹ̀rún alumíníọ̀mù wẹ́wẹ́ ló wà nínú ọ̀dà bíi fàdákà yẹn. Bí akunkọ̀ bá fín in ní tútù jù, àwọn ẹ̀rún náà á rì, àwọ̀ á sì ṣú; bí ó bá fín in láti òkèèrè tó fi ń gbẹ kó tó dé ara ọkọ̀, àwọ̀ á mọ́lẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Agolo kan náà, ọwọ́ méjì, àwọ̀ méjì. Nítorí náà, bí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo bá ló bàjẹ́, akunkọ̀ tó mọṣẹ́ á fa àwọ̀ náà tín-ín-rín wọ inú ilẹ̀kùn kejì, á sì da kílíà bo méjèèjì. Bí ó bá ní kí ẹ ra kílíà tó ju ti ilẹ̀kùn kan lọ, kò rẹ́ yín jẹ.

Kílíà tó pọ́ọ́kú àti èyí tó dára lè dán bákan náà lọ́jọ́ tí wọ́n fín wọn. Ìyàtọ̀ á hàn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oòrùn, nígbà tí èyí tí kò ní èròjà tó ń dènà oòrùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í bó lórí òrùlé ọkọ̀ àti bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀dà olómi, ìyẹn èyí tí omi rọ́pò ọ̀pọ̀ tínà inú rẹ̀, wà pẹ̀lú, èyí tí òfin 2004/42/EC ti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù mú kó gbilẹ̀ lọ́hùn-ún láti 2007. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ dáadáa ló ń gbẹ ẹ́, ọ̀rinrin sì ń dá a dúró. Bí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ń lò kò bá ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ẹ fi sílẹ̀.

Ohun tó wà lábẹ́

Lórí irin tó hàn síta, páráímà epoxy ni mo fara mọ́, nítorí kì í jẹ́ kí omi ráyè dé ara irin débi tí yóò fi dógùn-ún. Páráímà 2K tó nípọn ni a fi ń bo ojú ibi tí a ti ha, òun ló sì rọrùn láti ha tẹ́jú. Pọ́tì máa ń fa omi mu, nítorí náà gbígbẹ ni kí wọ́n ha á, láti orí sáńpépà nọ́ńbà 80, tó rí gbàgùdù, lọ sí èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga, tó kúnná. Omi di ìgbà tí páráímà bá ti bò ó, tí wọ́n á fi 800 parí rẹ̀. Hádínà pọ́tì kò ju bíi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tó bá rọ ọ́ sí i kó lè tètè gan, àbàwọ́n rẹ̀ lè yọ sójú àwọ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti parí.

Ìbọn ìfínkun kò kan ẹni tí kò fẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́, kó mọ̀ pé HVLP, ìyẹn ìbọn tó ń fi afẹ́fẹ́ púpọ̀ tí kò le fín ọ̀dà, kì í fi ọ̀dà ṣòfò tó ìbọn àtijọ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ afẹ́fẹ́ púpọ̀, kọmpurẹ́sọ̀ kékeré kò sì lè bọ́ ọ. Ẹnu ìbọn tó fẹ̀ tó 1.3 sí 1.4 mílímítà ló dára fún àwọ̀ àti kílíà.

Nígbà tí ẹ bá dé ọjà, ẹ ra kílíà àti hádínà ilé-iṣẹ́ kan náà, kí agolo hádínà má sì jẹ́ èyí tí wọ́n ti ṣí, nítorí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ nìkan tó láti bà á jẹ́. Kí ẹ tó lọ rárá, ẹ rẹ àkísà sínú tínà, kí ẹ fi í pa kọ̀rọ̀ kan lára ọ̀dà tó wà lára ọkọ̀. Bí àwọ̀ bá bá àkísà wá, sẹlulóòsì ni wọ́n ti fi kùn ún tẹ́lẹ̀, 2K tí ẹ bá fín lé e sì lè mú kó hó. Ẹ ó ní kí akunkọ̀ ha á kúrò pátápátá, tàbí kí ẹ fi owó epoxy tí yóò fi bò ó kún iye tí ẹ ti ṣírò.