Àyẹ̀wò Àwọn Káàdì Alàwòrán Tí Ń Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Láti Bọ̀wọ̀ fún Ohun Ìní Ẹlòmíràn

Odidi sáà ẹ̀kọ́ kan ni mo fi lo àwọn káàdì yìí pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, wọ́n sì wúlò gan-an. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti orí olè jíjà, bí kò ṣe láti orí àwọn ohun tí ọmọdé kì í kà sí ẹ̀ṣẹ̀ rárá: kí ó mú pẹ́ńsùlù ẹnì kejì láìtọrọ, kí ó kọ nǹkan sára tábìlì ilé ẹ̀kọ́, tàbí kí ó rí owó he kí ó sì gbà pé tòun ni. Káàdì kọ̀ọ̀kan ń béèrè bí yóò ti rí lára ẹni tó ni nǹkan náà, àti ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe láti ṣàtúnṣe. Ìbéèrè kejì yìí ló ṣiṣẹ́ jù lójú mi, nítorí ọmọ tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ ìwé tó fà ya kì í tètè gbàgbé bí èyí tí a kàn nà. Bébà wọn kò nípọn tó. Kò sì sí káàdì kankan tó mẹ́nu kan olùkọ́ tó gba nǹkan ọmọ tí kò dá a padà. Èmi fúnra mi ni mo ya ìyẹn kún un.