Ẹ ṣọ́ra o! Páìpù gáàsì ni wọ́n ń tà fún wa ní páìpù sítóòfù onígi

Ẹ̀yin ará mi, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé sítóòfù onígi sílé, tí òrùlé yín sì jẹ́ páànù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Ọkùnrin tó tajà fún mi náà ló wá bá mi so páìpù èéfín sítóòfù mi. Ó ní páìpù tó máa gba inú àjà yọ sókè òrùlé, onípele méjì ni, pé irú ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń lò fún iná igi. Mo wò ó, ó ń dán, ìpele méjì ni lóòótọ́, mo bá sanwó. Nígbà tí mo bi í pé ṣé kò sún mọ́ igi àjà jù, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ṣebí páànù kì í jóná. Mo gbà á gbọ́!

Oṣù méjì ò tíì pé tómi òjò fi ń kán tó, tó, tó sórí sítóòfù, omi ọ̀hún pọ́n bí omi ìpẹtà, gbogbo ilé wá ń rùn bíi rọ́bà tó jóná. Mo gun àkàbà lọ wò ó, rọ́bà dúdú tó fi wé ìdí páìpù lórí páànù ti yọ́, ó ti ya. Àmọ́ inú àjà ló já mi láyà jù, torí igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù ti dúdú, mo fi èékánná họ ọ́ báyìí, èédú ló bá èékánná mi wá. Àlàfo àárín wọn ò ju ìka kan lọ. Abẹ́ ibẹ̀ gan-an lọmọ mi ń sùn sí lálaalẹ́.

Páànù ò lè jóná lóòótọ́, igi tó gbé páànù dúró ńkọ́? Igi tí ooru bá ń yan lójoojúmọ́ á gbẹ débi pé ooru tí ò tó nǹkan tẹ́lẹ̀ á wá lè mú un gbiná.

Ìgbà tí mo tú páìpù wálẹ̀ ni mo rí i pé wọ́n ti fi ọ̀bẹ họ sítíkà ara ẹ̀, wọn ò kàn họ ọ́ tán ni, "GAS" ṣì hàn ketekete, ìyẹn ni pé páìpù èéfín ẹ̀rọ gáàsì ni. Aluminium ló wà nínú ẹ̀, afẹ́fẹ́ lásán ló sì wà láàárín ìpele méjèèjì. Bíi 660°C ni aluminium máa ń yọ́, bẹ́ẹ̀ tí ọ̀dà èéfín tó lẹ̀ mọ́nú páìpù bá gbiná, ooru ẹ̀ lè kọjá 1,000°C.

Torí náà, ẹ wo ẹnu páìpù dáadáa kẹ́ ẹ tó rà á. Èyí tó dáa tó wọ́pọ̀, irin tí kì í dípẹtà ló máa wà nínú ẹ̀, wọ́n á sì ti ki nǹkan tó ń dènà ooru sáàárín ẹ̀ pinpin. Ní Amẹ́ríkà, UL 103 HT ni kẹ́ ẹ wá lára sítíkà, àmì pé wọ́n ti dán páìpù náà wò fún ooru iná igi nìyẹn. Sítíkà yẹn náà ló máa sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sígi tó, ínǹṣì 2 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń sọ. Páìpù onípele kan ò gbọ́dọ̀ wọnú àjà rárá, inú yàrá ni tiẹ̀ mọ. Rọ́bà ìdí páìpù náà, ẹ bèèrè fún ti silicone tó ń gba ooru tó ju 200°C lọ, pupa ló sábà máa ń jẹ́, ẹ má gba dúdú lásán. Tèmi tún kúrú, èéfín ń padà wọlé, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3 síbi tó ti yọ lórí páànù, kó sì fi ẹsẹ̀ bàtà 2 ga ju ohunkóhun tó wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10 sí i.

Mo pe ọkùnrin náà, ó ní igi tútù ni mo ń dá. Látìgbà náà kò gbé fóònù mi mọ́. Tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé sítíkà já bọ́ lójú ọ̀nà, ẹ kó owó yín, ẹ máa lọ.

Ẹni tírú wọn bá sì ti so tiẹ̀ tán, jọ̀ọ́ má dáná lálẹ́ òní. Gun inú àjà lọ, tan tọ́ọ̀ṣì sígi tó sún mọ́ páìpù jù, kó o fọwọ́ họ ọ́ wò.