Ìdílé awakọ̀ òfuurufú ajíhìnrere ní Arnhem Land, lápá àríwá Ọsirélíà: ṣé Nhulunbuy ni kí wọ́n máa gbé àbí Galiwin'ku?

Ká má fọ̀rọ̀ gùn, Nhulunbuy ló rọrùn jù. Ìwakùsà ló bí ìlú náà: ilé ìwòsàn wà, ilé ẹ̀kọ́ girama wà, ọjà ńlá náà wà. Àmọ́ ìdílé lè gbé ibẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìní ọ̀rẹ́ kan láàárín àwọn Yolŋu, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ agbègbè náà. Bàbá ló ń fò lọ bá wọn. Ìròyìn ni ìyàwó àtọmọ ń gbọ́.

Galiwin'ku yàtọ̀. Erékùṣù Elcho ló wà. Harold Shepherdson, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì tó fọwọ́ ara rẹ̀ to ọkọ̀ òfuurufú, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1942. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó oúnjẹ wọlé, nítorí náà èso àti ẹ̀fọ́ wọ́n. Bí àìsàn ọmọ bá le, àfi kí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e jáde. Lọ́dún 2015, ìjì Lam àti Nathan jà níbẹ̀ tẹ̀léra, wọ́n sì ba ilé púpọ̀ jẹ́.

Síbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò sínú ẹbí ní ti gidi. Ẹnì kan á sọ ẹ́ di àbúrò, lójú ẹsẹ̀ o ti ní ìyá, ẹ̀gbọ́n, ọmọ, àti àna tí o kò gbọdọ̀ bá sọ̀rọ̀ ní tààrà. Àwọn ọmọ rẹ á bá àwọn ìyá wọn tuntun lọ mú akàn nínú ẹrẹ̀ etíkun, wọ́n á sì gbọ́ èdè náà kíákíá jù ẹ́ lọ.

Bí ọmọ ọwọ́ bá wà nílé, tàbí aláìsàn, Nhulunbuy ni mo fara mọ́. Bí kò bá sí, ẹ lọ sí Galiwin'ku.