Kámẹ́rà igbó tó ń fi fótò ránṣẹ́ sórí fóònù: èwo ni kẹ́ ẹ rà fún ọdẹ àgbọ̀nrín ní Texas?

Ẹ̀yin ọdẹ tẹ́ ẹ wà ní Houston, Dallas àti gbogbo àyíká ibẹ̀, ẹ kú ìmúrasílẹ̀ o. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá ni síísìnì ìbọn fún àgbọ̀nrín máa ń ṣí ní Texas, bí oṣù kẹjọ bá sì ti wọlé báyìí, ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn máa ń bi mí: kámẹ́rà wo ni kí n rà? Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì la jọ ń háyà ilẹ̀ kan lọ́nà Llano, ó tó wákàtí mẹ́rin láti Houston, a sì ti gbé oríṣiríṣi kámẹ́rà kọ́ sára igi níbẹ̀. Ẹni tó bá ń wa mọ́tò wákàtí mẹ́rin lọ, wákàtí mẹ́rin bọ̀, torí kó ṣáà lè yọ mẹ́mọ́rì kádì, owó epo ẹ̀ á ti ra kámẹ́rà mìíràn kí ọdún tó parí.

Ká kọ́kọ́ fi oníkádì wé onísíìmù. Oníkádì á ya fótò, á tọ́jú ẹ̀ sínú kádì, títí dìgbà tẹ́ ẹ bá lọ mú un. Onísíìmù ní síìmù nínú bíi ti fóònù, bí ẹran bá ti kọjá níwájú ẹ̀ á ya á, á fi ránṣẹ́ gba nẹ́tíwọ̀kì Verizon àbí AT&T wá sínú áàpù lórí fóònù yín, ẹ lè wà níbi iṣẹ́ kẹ́ ẹ rí i. Oníkádì ò wọ́n, ẹ lè rí èyí tó dáa ní $40 sí $80, kò sì sí owó oṣooṣù kankan. Tí ilẹ̀ yín bá wà ní ẹ̀yìnkùlé yín, àbí tí kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ẹ ra oníkádì, mi ò ní purọ́ fún yín, kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa máa sanwó oṣooṣù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òórùn wà níbẹ̀ o. Imú àgbọ̀nrín lágbára ju ojú ẹ̀ lọ fíìfíì. Bàbá mi àgbà tó ṣọdẹ, kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ wọgbó wọ́n á kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ dà sókè, wọ́n á wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, àwa tá a wà lókè òkun ti gbàgbé ìyẹn, a kàn ń wọlé wọ̀de bí ẹni ń lọ sọ́jà. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo lo oníkádì, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mò ń lọ yọ kádì, akọ ńlá kan sì wà tó máa ń wá jẹ àgbàdo tá a dà sílẹ̀ fún wọn nírọ̀lẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ìwo ẹ̀ gbà mí lọ́kàn gan-an. Kó tó dìgbà tí síísìnì ṣí, gbogbo fótò ẹ̀ ti di aago méjì òru, aago mẹ́ta òru. Òórùn mi ló ń gbọ́. Mi ò rí i lójú mọ́mọ́ títí síísìnì fi parí, ó dùn mí púpọ̀, ọdún yẹn ni mo pinnu pé mo máa ra onísíìmù.

Tó bá wá jẹ́ onísíìmù lẹ fẹ́, nẹ́tíwọ̀kì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò kẹ́ ẹ tó wo kámẹ́rà rárá. Ẹ mú fóònù Verizon kan àti ti AT&T kan dání, ẹ yá a lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tẹ́ ò bá ní méjèèjì, ẹ lọ dúró síbi tẹ́ ẹ fẹ́ so ó mọ́ gan-an, kì í ṣe níbi géètì o. Apá Llano yẹn kún fún òkè àti àfonífojì, lórí òkè ẹ máa rí igi nẹ́tíwọ̀kì mẹ́ta, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sétí omi níbi tí ẹran ń gbà gan-an, kò ní sí nǹkan kan. Ẹ ò rí nǹkan tí kámẹ́rà olówó ńlá máa fi ṣe níbẹ̀.

Àwọn mẹ́ta tẹ́ ẹ máa rí jù ní ṣọ́ọ̀bù ni SPYPOINT, Moultrie àti Tactacam tó ń ṣe Reveal. SPYPOINT jẹ́ ti àwọn ará Kánádà, ohun tó jẹ́ kó yàtọ̀ sí méjì tó kù ni pé ó ní pláànù ọ̀fẹ́, fótò 100 lóṣù láìsan kọ́bọ̀. Àwọn kámẹ́rà wọn tó ń jẹ́ Flex ní síìmù méjì nínú, èyí tí nẹ́tíwọ̀kì ẹ̀ bá dáa jù níbẹ̀ ni wọ́n máa gbé. Ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ dán an wò, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e síbi tí àgbàdo ń dà sílẹ̀ tó bá jẹ́ pláànù ọ̀fẹ́ lẹ ń lò, torí ẹlẹ́dẹ̀ igbó àti raccoon, ẹranko kékeré kan tó ń rìn lóru, á jẹ fótò 100 yẹn tán láàárín ọjọ́ méjì, ẹ ò sì ní rí àgbọ̀nrín kankan títí oṣù fi máa parí. Ojú ọ̀nà tí ẹran ń gbà lọ sùn ló dáa fún un. Ọ̀kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Flex-S, wọ́n ti kan sólà mọ́ ọn lórí, ìyẹn wúlò ní Texas tí oòrùn ò wọ́n.

Moultrie Edge ni èmi fẹ́ràn jù fún ẹni tí ò bá fẹ́ wàhálà. Kò nílò kádì rárá, mẹ́mọ́rì ẹ̀ wà nínú ẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì tó bá lágbára jù ló máa fúnra ẹ̀ mú, áàpù wọn sì lè ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo, tẹ́ ẹ bá ní fótò ẹgbẹ̀rún méjì lẹ máa mọ bí ìyẹn ṣe dùn tó. Ibi tó ti ń dùn mí ni bátìrì, 16 ló ń gbà, àwọn tín-ín-rín tó ń jẹ́ AA. Reveal ń gba 12 ní tiẹ̀. Reveal X-Pro ní síkíríìnì kékeré kan nínú tẹ́ ẹ lè fi wo ibi tó kọjú sí kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn o, mo ti so kámẹ́rà tí ò ní i rí, mo délé lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, ìsàlẹ̀ igi àti koríko nìkan ló ń yà ránṣẹ́ sí mi. Ó tún ní GPS, tí wọ́n bá jí i ẹ lè mọ ibi tó ń lọ tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Fótò òru ẹ̀ mọ́ lójú mi ju ti àwọn méjì tó kù lọ.

Ní ti owó oṣù, iye tí wọ́n ń gbà lórí kámẹ́rà kan yàtọ̀ láti pláànù kan sí òmíràn, wọ́n sì lè yí i padà nígbàkígbà, ẹ wò ó nínú áàpù kẹ́ ẹ tó rà. Ẹ wá ṣírò ẹ̀ dáadáa, ká ní $10 ni lóṣù: $10 lọ́nà kámẹ́rà mẹ́ta lọ́nà oṣù 12, $360 nìyẹn, ó ju owó kámẹ́rà fúnra ẹ̀ lọ. Èmi máa ń tan tèmi lóṣù kẹjọ, mo sì máa ń pa á lóṣù kìíní tí síísìnì bá ti parí. Ẹ má ra pláànù ọlọ́dún kan tẹ́ ò bá ní lò ó yíká ọdún.

Ẹni tí ilẹ̀ ẹ̀ bá tóbi gan-an, tó fẹ́ kó kámẹ́rà mẹ́wàá sí i, kó wo CuddeLink ti Cuddeback. Ọ̀kan péré ló máa ní síìmù, àwọn tó kù á máa fi rédíò gbé fótò fún ara wọn títí á fi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, pláànù kan lẹ máa san. Ó tún dáa fún àfonífojì tí ò ní nẹ́tíwọ̀kì, ẹ gbé ìyá wọn, ìyẹn èyí tó ní síìmù, sórí òkè, ẹ kó àwọn ọmọ sísàlẹ̀. Àmọ́ ètò ẹ̀ gba sùúrù, igbó tó dí máa ń gé rédíò yẹn kúrú, fótò tó ń wá sórí fóònù sì kéré.

Lórí megapixel, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bí fótò ṣe tóbi tó, ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pè mí, wọ́n ní àwọn rí èyí tí wọ́n kọ 36 sí lára, ṣé kí àwọn rà á. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Púpọ̀ nínú àwọn nọ́ńbà yẹn, ojú kámẹ́rà gan-an ò tó bẹ́ẹ̀, inú kọ̀ǹpútà ẹ̀ ló ti ń fẹ fótò náà, èyí tó ń bọ̀ sórí fóònù yín sì ti di kékeré kó lè tètè kọjá. Ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè ni bó ṣe tètè ń yà tó tí ẹran bá kọjá, tó bá lé ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá, ìdí ẹran nìkan lẹ máa máa rí. Ẹ tún wo iná òru ẹ̀. Àwọn kan ń tan pupa fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n máa ń kọ 850 sí i, iná yẹn máa ń dé ọ̀nà jíjìn. Àwọn tó jẹ́ 940 ò hàn sójú rárá, fótò wọn ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n olè ò ní rí i lóru. Níbi tí àwọn èèyàn máa ń gbà kọjá, 940 ni mo máa rà.

Ẹ máa ṣọ́ra fún tòkunbọ̀ gan-an. Ọdún 2022 ni AT&T, T-Mobile àti Verizon pa 3G, nẹ́tíwọ̀kì wọn àtijọ́, kalẹ̀, kámẹ́rà tó bá jẹ́ 3G nìkan kò lè fi nǹkan kan ránṣẹ́ mọ́ láéláé. Èmi ra ọ̀kan ní $45 lọ́wọ́ ẹnì kan, ó mọ́ tónítóní, mo rò pé mo jèrè, kò tiẹ̀ gbé nẹ́tíwọ̀kì lẹ́ẹ̀kan. Àwọn Reveal àtijọ́ náà, ti Verizon yàtọ̀ sí ti AT&T, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó.

Bátìrì ńkọ́? Lithium ni kẹ́ ẹ fi sí i, ó wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n òtútù oṣù kejìlá tètè máa ń pa alkaline, ìyẹn bátìrì tó wọ́pọ̀, tó bá sì pẹ́ nínú ooru ó lè jò, kó ba inú kámẹ́rà jẹ́. Ẹ má lo èyí tí wọ́n ń gba iná sí tí ìwé kámẹ́rà ò bá ní kẹ́ ẹ lò ó, iná ẹ̀ ò tó. Ẹ kọjú kámẹ́rà sí àríwá kí oòrùn má bàa wọ̀ ọ́ lójú, kẹ́ ẹ sì gé koríko iwájú ẹ̀. Ooru ara ẹran àti bó ṣe ń rìn ló fi ń mọ̀ pé nǹkan ń kọjá, ìdí nìyẹn tí ọ̀sán gangan oṣù kẹjọ ní Texas fi lè mú kó fo ẹran, torí ooru ibẹ̀ ti fẹ́ bá ti ara ẹran dọ́gba.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ ṣọdẹ ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ wo òfin wọn. Arizona ti fòfin de lílo kámẹ́rà láti fi wá ẹran tẹ́ ẹ fẹ́ pa láti 2022, Nevada àti Utah ní oṣù tí wọn ò gbà á, Kansas náà sì fòfin dè é ní 2023 lórí ilẹ̀ gbogboogbò tí àjọ ẹranko ìgbẹ́ wọn ń bójú tó. Lórí ilẹ̀ àdáni ní Texas kò sí wàhálà. Síbẹ̀, tí fótò bá wọlé sórí fóònù mi láàárọ̀ pé akọ ńlá wà níbi báyìí, mi ò kì í dìde sáré lọ bá a. Mo máa ń fi fótò mọ ọ̀nà tó ń gbà àti aago tó ń gbà á, lẹ́yìn náà mo máa wá lọ ba ní ibùba dè é nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dáa, òun náà ní ẹ̀tọ́ láti rí ọ̀nà sá.

Tí ẹ bá fún mi ní $250 lónìí, Moultrie Edge méjì ni mo máa wò, ìyókù á lọ sórí bátìrì lithium, mi ò ní ra olówó ńlá kan ṣoṣo. Ọ̀kan á wà níbi tí wọ́n ti ń jẹun, ọ̀kan á wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ sùn, màá so wọ́n lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹjọ, mi ò sì ní padà síbẹ̀ mọ́ àfi tí áàpù bá sọ pé bátìrì fẹ́ tán.