Fíìmù àdàbà tí mo lọ wò ní Yaba, àti iná tó lọ níbi tí ò yẹ kó ti lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí níbi tèèyàn ti lè wo fíìmù àtijọ́ láì sọdá sí Island, ẹ wá gbọ́. Sátidé tó kọjá mo lọ síbì kan ní Yaba, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, aṣọ funfun ni wọ́n ta mọ́ ògiri, àga rọ́bà, 3,000 náírà, gúgúrú wà nínú ẹ̀ àmọ́ ẹ máa fowó yín ra omi.

Miracolo a Milano ni wọ́n gbé sí i, ti Vittorio De Sica, olùdarí fíìmù ará Ítálì, 1951, èyí tí òun àti fíìmù kan láti Sweden jọ pín ẹ̀bùn àgbà níbi àjọ̀dún fíìmù Cannes lọ́dún yẹn. Ìyá àgbà kan ló rí Totò láàárín kábéèjì, ìyá yẹn kú, wọ́n mú ọmọ lọ sílé ọmọ aláìlóbìí, ìgbà tó jáde ló lọ bá àwọn tí ò nílé lẹ́yìn ìlú Milan, wọ́n jọ fi páànù àti pákó kọ́lé, àfi bí epo rọ̀bì ṣe tú jáde nílẹ̀, ni olówó kan tó ń jẹ́ Mobbi, tó ti kọ́kọ́ ń sọ pé èèyàn kan náà ni gbogbo wa, bá kó ọlọ́pàá tì wọ́n. Ẹni tó bá rántí àdúgbò Maroko l’Ékòó tí wọ́n wó ní July 1990 ò nílò sàbútáìtù ibẹ̀ yẹn. Sàbútáìtù gan-an ò sì hàn, orí àwọn ará iwájú ló bò ó.

Totò bá pàdé ẹni kúkúrú, á tẹ orúnkún kó lè rẹlẹ̀ tó o, ẹni tí ẹnu ẹ̀ wọ́, òun náà á wọ́ ẹnu. Àwọn kan á ní yẹ̀yẹ́ ni, èmi ò rí i bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ọkùnrin dúdú. Ọ̀kan ṣoṣo ni lágọ̀ọ́ yẹn, òun àti ọmọbìnrin òyìnbó kan kàn ń wo ara wọn lókèèrè ni, ẹ̀rù ò jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ra. Ẹ̀rù yẹn nídìí o, 1937 ni ìjọba Mussolini ṣòfin pé ará Ítálì tó bá ń gbé bíi tọkọtaya pẹ̀lú ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n gbà ní Áfíríkà, ẹ̀wọ̀n lè tó ọdún márùn-ún. Àdàbà kan wá wà tó ń fúnni lóhun tá a bá tọrọ, àwọn yòókù ń tọrọ kóòtù onírun àti mílíọ̀nù, ọkùnrin yìí ní kóun di funfun. Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní ṣé kò mọ̀ pé krím wà ní Balógun ni, gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ni iná bá lọ.

Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ọmọ tó ń darí ẹ̀rọ fò ó síwájú, ó ní ilẹ̀ ti ń ṣú. A ò gbà. Ìyá kan dìde pé òun ò ní jókòó àfi tó bá dá a padà, ó sì dá a padà. Ọmọbìnrin yẹn jáde wá, òun náà ti tọrọ tiẹ̀, ó ti di dúdú, wọ́n tún dúró síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé De Sica ò padà sọ́dọ̀ àwọn méjèèjì yìí dáadáa, ó fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó gba ibi ìgbálẹ̀ lọ. (Wọ́n gun ìgbálẹ̀ fò lókè Duomo, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Milan, ariwo “àjẹ́ òyìnbó” sọ, tiwa ẹyẹ ni wọ́n ń dà.)

Mo máa padà lọ. Ẹ jókòó síwájú, kẹ́ ẹ mú abẹ̀bẹ̀ dání.