Ẹ ṣọ́ra fún agbaṣẹ́ṣe kan tó ń fi yàrá kún ilé lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní agbègbè Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ nílé sí Àgọ́-Ìwòyè, Òrù, Awà àti Ìjẹ̀bú-Igbó, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó tàbí lókè òkun tẹ́ ẹ ń fowó ránṣẹ́ kí wọ́n fi yàrá kún ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì OOU, agbaṣẹ́ṣe kan wà tó ń gbaṣẹ́ kiri àdúgbò wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ tó gbé kọ́bọ̀ fún un.

Ilé tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló máa ń wá. Á ní kò sí wàhálà, òun á mọ ògiri sísàlẹ̀, òun á da iyẹ̀pẹ̀ pupa kún un títí yóò fi tẹ́jú bá ilé àtijọ́, òun á wá kọ́ yàrá lé e. Owó tó máa pè á kéré sí ti gbogbo àwọn tó kù, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ra ohun èlò. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé ni ara rẹ̀ máa ń yá jù, torí ó mọ̀ pé àwọn tó ń bọ̀ wá ṣe Ojúde Ọba fẹ́ bá ilé ní píparí. Láti 2023 sí 2025, inú oṣù kẹfà ni Iléyá bọ́ sí, ìgbà tí òjò ń rọ̀ jù. Iyẹ̀pẹ̀ tí kò tíì jókòó ni òjò ń bá.

Bó ṣe ṣe nílé àbúrò ìyá mi nìyẹn. Ògiri ìsàlẹ̀ ti ń yọ ikùn, òjò ńlá kan wá rọ̀ mọ́jú, ògiri ya lulẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ ṣàn wọ ọgbà aládùúgbò, ilẹ̀ yàrá tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ wá wà lófuurufú láìsí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá, akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò tíì kó wọlé. Inú iyẹ̀pẹ̀ náà la ti rí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, àpò sìmẹ́ǹtì, ọ̀rá, àti koríko tí wọ́n ṣán nílẹ̀ ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti ń jẹrà. Inú búlọ́ọ̀kù tó fi mọ ògiri ṣófo, kò da kọnkéré sí i. Kò sì sí ihò kan ṣoṣo lára ògiri tí omi lè gbà jáde. Iyẹ̀pẹ̀ tó bá mu omi yó wúwo púpọ̀, omi tó bá sì há sẹ́yìn ògiri, títì ni yóò máa tì í tọ̀sán-tòru.

Irin ńkọ́? Irin tó nípọn tó 12mm ló kọ sínú ìwé, owó 12mm ló sì gbà. Ọ̀pá kan ṣẹ́kù nínú ọgbà. A ká a, a gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra kòkó ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n wọn. Kò tó kílò 8. Irin 12mm tó pé, tó gùn ní mítà 12, á lé ní kílò 10 àbọ̀. 10mm ló kó wá! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra irin ní tọ́ọ̀nù, nǹkan bí ọ̀pá 94 ni tọ́ọ̀nù kan 12mm. Bí wọ́n bá ka iye tó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa fún yín, irin náà tín-ín-rín.

Ó tún gba owó ìwé àṣẹ. Ìwé tó mú wá ní òǹtẹ̀ ẹnjiníà lára, àmọ́ nígbà tá a mú un dé ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ètò ìlú, wọn ò rí fáìlì kankan tó bá a mu. Fífi yàrá kún ilé ń gba àṣẹ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn bíi kíkọ́ ilé tuntun. Ẹ rán ẹni yín lọ síbẹ̀, ẹ gba rìsíìtì ìjọba. Òǹtẹ̀ ẹnjiníà máa ń ní nọ́mbà COREN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹ béèrè lọ́wọ́ COREN ẹni tó ni nọ́mbà náà.

Gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí bá jí, abẹ́ ilẹ̀ ló ń bò ó mọ́. Ẹ má san owó tó kàn láìjẹ́ pé ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán ti fojú rí iṣẹ́ kí wọ́n tó bò ó. Ìpìlẹ̀ ògiri ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ ilẹ̀ líle tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ rí, kí irin ti inú rẹ̀ yọ sókè, kí páìpù omi wà lára ògiri, kí òkúta wẹ́wẹ́ sì wà lẹ́yìn wọn. Iyẹ̀pẹ̀, bí ínṣì 6 ni kí wọ́n máa dà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n fi ẹ̀rọ gún un kó le kí wọ́n tó da òmíràn. Tó bá ní kí tipa ya gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ dá iṣẹ́ dúró. Bí ògiri náà bá máa ga ju ènìyàn lọ, ẹ má fi í lé bíríkìlà nìkan lọ́wọ́, ẹnjiníà ló gbọ́dọ̀ yàwòrán rẹ̀.

Fọ́tò ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ló máa ń fi han èèyàn lórí fóònù. Ẹ ní kó mú yín lọ síbi tí òjò ọdún méjì ti pa iṣẹ́ rẹ̀.

Bó bá ti kọ́ tiyín, ẹ lọ wo ògiri ìsàlẹ̀ lónìí. Bó bá ti yọ ikùn, tàbí tí ibi tí ilé tuntun ti pàdé ti àtijọ́ bá ń là sí i, ẹ kó àwọn tó ń gbé níbẹ̀ jáde kí òjò tó tún rọ̀.